Orúkọ Ìyá Wà Lọ́wọ́ Ọmọ

Ọ̀sẹ̀ yẹn, orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dàrú. Yàrá kan ni mo ń gbé ní Mọ̀wé, mo sì ń ṣe ètò orí fóònù kan fún ilé ìwòsàn kékeré ní Ìbàfò, èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì máa fi mọ ọmọ tó yẹ kó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Mátíróònù ti kìlọ̀ fún mi pé tí fóònù bá tún dákú lọ́jọ́ Ẹtì, tí í ṣe ọjọ́ abẹ́rẹ́, ìwé ńlá wọn ni wọ́n máa padà sí, kí n máa bá tèmi lọ. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí mo ní nìyẹn.

Wàhálà náà rèé. Bí nọ́ọ̀sì bá tẹ orúkọ ọmọ kan, fóònù á béèrè àkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ API tí mo kọ, ìyẹn ẹnu ọ̀nà tí fóònù ti ń gba èsì lọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà. Àkọsílẹ̀ ọmọ á gbé ti ìyá rẹ̀ dání. Ti ìyá á gbé ti àwọn ọmọ rẹ̀ dání. Ọmọ yẹn kan náà á tún gbé ìyá wá. Kọ̀ǹpútà ò mọ ibi tó yẹ kó ti dúró; á máa kọ ọ́ lọ títí gbogbo ẹ̀ á fi kú.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ajùwọ̀n, tá a jọ kọ́ṣẹ́, ní kí n má dara mi láàmú: tó bá ti dórí ìyá, kí n ní kó má gbé ọmọ wá mọ́. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà dáhùn lẹ́ẹ̀kan, ó dúró. Inú mi dùn dé bi pé mo fò sókè. Àfi bí mo ṣe wo ojú fóònù dáadáa, tí mo rí i pé kò sí ìyá kankan tó lórúkọ mọ́. Kí ni mo fi ṣe ayé gan-an?

Ọjọ́ méjì ni mo fi wò ó, tí mi ò rí nǹkan kan. Ìgbà tó yé mi, ojú tì mí. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi fà á. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ara mi kọ̀ ọ́ láti máa kọ orúkọ àwọn ìyá ọlọ́mọ gbàgàdà, bí ẹni ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọn ò tọ́ mi bẹ́ẹ̀ nílé wa. Mo wá ní kí kọ̀ǹpútà máa wo orúkọ àkọ́bí, kó fi "Ìyá" síwájú ẹ̀. Bí mo ṣe gé ọmọ kúrò, orúkọ ìyá bá a lọ.

Mo ṣí àyè orúkọ fún ìyá fúnra rẹ̀. Mátíróònù bá mi wá orúkọ wọn nínú káàdì àtijọ́, mo sì ń tẹ̀ wọ́n wọlé níkọ̀ọ̀kan, mo ń tọrọ àforíjì lábẹ́ ètè.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo lọ dúró sílé ìwòsàn láàárín àwọn ìyá ọlọ́mọ. Fóònù ò dákú. Nọ́ọ̀sì ka orúkọ àkọ́kọ́ sókè. Kò sẹ́ni tó dìde. Ó tún un kà. Mo rò pé nǹkan ti tún bàjẹ́. Obìnrin kan tó jókòó níwájú tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn, ó ń wá ẹni tí wọ́n ń pè. Mátíróònù yíjú sí mi. Nígbà kẹta, obìnrin yẹn rọra dìde, ó gbé ọmọ sáyà.

"Ẹ má bínú, nọ́ọ̀sì," ló wí. "Èmi ni."