Ìparí Ìjà Tí A Kò Jà

Ní Bantè, ìlú wa, tí o bá kí ènìyàn lẹ́ẹ̀kan péré, o ti bú u. Wàá béèrè bó ṣe jí, wàá béèrè ìyàwó, ọmọ, oko, àti ìyá rẹ̀ tó wà ní Koko, òun náà á sì máa sọ pé "àlàáfíà ni," kódà bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wú bí iṣu. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo máa ń dúró kí wọ́n dá mi lóhùn ní ti gidi. Mo bi bàbá àgbà kan pé kí ló dé tó fi ní àlàáfíà ni, nígbà tí gbogbo wa mọ̀ pé ìyàwó rẹ̀ ti kó ẹrù lọ. Wọ́n nà mí. Láti ìgbà náà ni mo ti kọ́gbọ́n: bí ojú ẹnìkan bá ti le, màá kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀ ná, kí n tó béèrè ohun tí mo ṣe.

Orúkọ mi di agbéraga, aláìmọ̀wàáhù, ẹni tí kì í wo ojú ènìyàn. Mo kọ́ṣẹ́ aránṣọ, mo ní ṣọ́ọ̀bù tèmi, orúkọ náà kò kúrò. Mo ti ń hu ewú kí dókítà kan ní Kútọnù tó sọ fún mi pé òtísìtì ni mí: bí wọ́n ṣe dá ọpọlọ mi ni pé ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an, ariwo àti ojú ènìyàn sì tètè ń rẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe àìsàn, kì í ṣe èpè. Inú mi dùn débi pé mo jáde láì dágbére fún un.

Dókítà náà ló mú kí èmi àti ẹni méjì bíi tèmi mọ ara wa: olùkọ́ obìnrin kan ní Savalou, ọmọ ẹ̀yà Mahi tó gbọ́ èdè wa dáadáa, àti ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe ní Pira. Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni a máa ń pàdé lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn ilé olùkọ́ náà. Òun á máa ya máàpù, èmi á máa ṣẹ́ etí aṣọ, ará Pira á tú rédíò palẹ̀. A kì í kí ara wa. Ẹni tó bá dé, á jókòó. Ẹni tí ìjókòó bá sú, á dìde. Ẹni tó bá fẹ́ mọ nǹkan, á béèrè, wọ́n á sì dá a lóhùn. Òfin kan ṣoṣo ló wà: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ purọ́, ì báà jẹ́ irọ́ ọmọlúàbí. Ara mi máa ń tú níbẹ̀ bí ẹni bọ́ bàtà tó há. N kò ní ọ̀rẹ́ rí kí n tó mọ̀ wọ́n, mo sì fẹ́ràn wọn.

Táńtì mi, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin tó tọ́ mi dàgbà, ni mò ń bá gbé. Ó rò pé ọkọ ni mo rí sí Savalou, ó sì ti ń fojú inú wo aṣọ ìgbéyàwó. Ní ọjọ́ Àìkú kan, ó bá mi wọ táksì. Ohun tó rí ni ènìyàn mẹ́ta tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kẹ̀yìn síra wọn, tí ẹnu wọn dákẹ́, tí wọn kò sì kí i bó ṣe yẹ. Nígbà tí a délé, ó ní:

"Ìjà wo lẹ ń jà?"

"A kò jà, Táńtì."

"Ẹni tí kò jà kì í jókòó báyẹn. Ìjà abẹ́nú nìyẹn, òun ló sì burú jù. O ò ní fẹsẹ̀ tẹ Savalou mọ́ àfi tí wọ́n bá parí ẹ̀."

Mo ní bí a ṣe ń ṣọ̀rẹ́ nìyẹn. Ó wò mí bí adìẹ tí òjò pa.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, àgbàlagbà méjì tí Táńtì pè bá wa lọ, wọ́n wọ agbádá, wọ́n gbé obì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò dání. Bí wọ́n ṣe ń parí ìjà nílùú wa ni pé wọ́n á wá ẹlẹ́bi, ẹlẹ́bi á bẹ̀bẹ̀, wọ́n á pa obì, gbogbo ènìyàn á jẹ ẹ́. Bí kò bá sí ẹlẹ́bi, wọ́n á ṣe ọ̀kan. Kò sí ẹni tó wọ agbádá wá láti Bantè tó máa gbé obì rẹ̀ padà.

Àgbà àkọ́kọ́ kọjú sí ará Pira. "Ọmọ mi, kí ló dé tí o kò wo ojú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ?"

"Rédíò ni mò ń tún ṣe," ló fèsì. "Kò sí lójú wọn."

"Ẹ gbọ́!" ni àgbà kejì wí. "Inú ṣì ń bí i."

"Inú kò bí mi. Ṣùgbọ́n ẹ ti fẹsẹ̀ tẹ sípíkà mi."

Wọ́n ní kí olùkọ́ sọ ohun tó ń dùn ún. Ó ní eyín òun ọwọ́ ẹ̀yìn ni. Wọ́n ní òwe ni, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.

Mo rí i pé Táńtì ń wò mí, mo sì mọ̀ pé tí wọn kò bá rí ẹlẹ́bi lọ́jọ́ náà, abẹ́ máńgòrò yẹn ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Ni mo bá ṣe ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe jù. Mo kúnlẹ̀.

"Èmi ni mo ṣẹ̀ wọ́n. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n."

Inú àwọn àgbà dùn, ọwọ́ wọn ti lọ síbi obì. Ṣùgbọ́n olùkọ́ fi bírò rẹ̀ sílẹ̀.

"Kí lo ṣe fún mi?"

"Kò sí nǹkan," mo rọra sọ.

"O ní o ṣẹ̀ mí. Ìgbà wo? Èmi ò mọ̀." Ó ti ń ronú padà sí gbogbo ọjọ́ tó kọjá, omi ti lé sí i lójú. Ó gbà mí gbọ́. Ta ló tún gbà mí gbọ́ bẹ́ẹ̀ rí?

Ará Pira kò gbójú sókè. "Irọ́ ló pa," ó ní. "Àwọn ará ilé rẹ̀ ló pa á fún. Ó ti kó irọ́ ilé wá síbí."

"Mo wí bẹ́ẹ̀!" ni Táńtì pariwo. "Ṣé ẹ rí ìjà náà báyìí?"

Àwọn àgbà mirí tayọ̀tayọ̀. Wọ́n ti bá wa dá ìjà sílẹ̀, wọ́n sì fẹ́ bá wa parí ẹ̀, ọwọ́ wọn mọ́.

Mo dìde. N kò dìde lórí eékún rí láì jẹ́ pé wọ́n ní kí n dìde. Mo ní, "Irọ́ ni mo pa. N kò ṣẹ ẹnikẹ́ni níbí. Mo fẹ́ kí Táńtì jẹ́ kí n máa wá ni."

Olùkọ́ ní, "Ó dáa," ó sì mú bírò rẹ̀. Ó parí síbẹ̀. Àwọn àgbà kò mọ ohun tí wọ́n máa fi obì ṣe. Wọ́n jẹ ẹ́ fúnra wọn.

Láti Savalou dé Bantè, fèrèsé táksì ni Táńtì kọjú sí. Mo ti dójú tì í níwájú àwọn àgbà, ó sì dùn mí, nítorí òun ló ra ẹ̀rọ ìránṣọ mi àkọ́kọ́ fún mi. Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀, mo ní, "Táńtì, màá lọ lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀."

"Mo gbọ́," ló wí, ó sì kọrí sílé.

Kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Èmi tí n kì í mọ ohun tí ènìyàn kò bá sọ, mo dúró lójú títì, mo ń retí ìyókù.