Ìkúnlẹ̀ Tí Ọmọ Mi Kúnlẹ̀ fún Ọ́nárébù Kánádà

"Mọ́mì, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ ò gbọdọ̀ ṣe fídíò kankan mọ́. Tí ẹ bá tún ṣe òmíràn, mo máa yí nọ́ńbà mi padà."

Ìkìlọ̀ tí ọmọ mi obìnrin ṣe fún mi láti Kánádà nìyẹn. Mo gbọ́ ọ dáadáa. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi ní Ire-Akari, ní Ìsọlọ̀ l'Ékòó, mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, mo sì rí i pé fídíò nìkan ló kà léèwọ̀. Kò sọ pé n ò gbọdọ̀ kọ nǹkan sílẹ̀. Mo parí ilé ẹ̀kọ́ girama, èdè Yorùbá sì wà lára ohun tí mo mọ̀ jù lọ níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Aṣọ ilé ìwé ni mo ń rán. Tí ìyá kan bá wá sọ fún mi pé, "Ọmọ mi ò sanra, ẹ ṣáà rán an," mi ò ní gé aṣọ. Ó gbọ́dọ̀ mú ọmọ náà wá kí n fi téèpù wọ̀n ọ́n fúnra mi. Bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn. Nígbà tí ọmọ tèmi ń lọ sí Kánádà, mo wọn ọrùn rẹ̀, mo wọn ọwọ́ rẹ̀, mo wọn orí rẹ̀ pàápàá, mo wá rán aṣọ òtútù kan tó bò ó látòkè délẹ̀, ojú rẹ̀ nìkan ló hàn. Ó ní àwọn tó rí òun ní pápá ọkọ̀ òfurufú rò pé òun fẹ́ lọ kó afárá oyin.

Ó kàwé tán lọ́hùn-ún, ó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé ìtajà kan. Lọ́jọ́ Sátidé kan, òyìnbó kan tó ga, tó pupa bí ẹni tínú ń bí, kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Òṣèlú ni. Ó fẹ́ kí wọ́n dìbò fún òun padà sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ wọn. Ọmọ mi ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n níbẹ̀. Òun ló sọ lórí rédíò pé àwọn àjèjì tó ń wọ ìlú àwọn ti pọ̀ ju yàrá tó wà nílẹ̀ lọ.

Ọmọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wò ó lójú, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ sọ pé a ti pọ̀ jù. Èmi kan ṣoṣo nìyí. Èwo nínú mi ló pọ̀ jù?"

Nígbà tó sọ ọ́ fún mi lórí fóònù, mo di orí mi mú. "Ṣé bí wọ́n ṣe ń bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀ nìyẹn? Ṣé o kí i kó o tó bú u?"

"Mọ́mì, mi ò bú u."

"Mo ní, ṣé o kí i?"

Ó ní bátìrì fóònù òun ti fẹ́ kú. Mo mọ̀ pé kò kí i.

Àmọ́ ọkùnrin náà kò bínú. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní irú ẹni tí òun ti ń wá nìyẹn, ẹni tí yóò sọ ọ́ fún òun lójú kí òun tó lọ sọ ọ́ lórí rédíò. Bó ṣe gbà á sí ọ́fíìsì rẹ̀ nìyẹn, pé kó máa gbọ́ ẹjọ́ àwọn ará àdúgbò. Iṣẹ́ yẹn ló jẹ́ kí ìjọba gbà á láyè láti máa gbé ìlú náà. Tí iṣẹ́ bá lọ, àyè náà lọ nìyẹn, ọmọ mi á di ẹrù rẹ̀ padà sílé.

Ẹ ò ní bá mi wí tí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ọkùnrin náà bí ẹni ń wádìí ìdílé ọkọ ìyàwó. Mo gbọ́ pé gbàǹjo màlúù ló kọ́kọ́ ń ṣe. Òun ló máa ń pariwo iye tí wọ́n fẹ́ rà á títí ẹnì kan á fi mú màlúù lọ sílé. Ohùn yẹn ló gbé e dé rédíò, rédíò ló gbé e di kánsẹ́lọ̀, láti ibẹ̀ ló ti dé ilé aṣòfin. Kò pẹ́ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ fi lé e jáde, nítorí ó sọ pé olórí àwọn kò lè ta omi fún ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Ó lọ bá ẹgbẹ́ kejì. Gbogbo ìpínlẹ̀ náà pariwo.

Ọkọ mi gbọ́, ó ya ẹnu. "Torí ó yí ẹgbẹ́ padà? Ìyẹn ni wọ́n ń tìtorí ẹ̀ pariwo? Wọn ò rí nǹkan tó ń dunni rí."

Ó tún kúrò nínú ẹgbẹ́ kejì, ó wá dá jókòó bí ọmọ tí tíṣà ní kó lọ jókòó lẹ́yìn. Lọ́jọ́ kan báyìí, ó ṣa ọ̀dà àti òkúta ojú ọ̀nà tó ti fọ́ sínú àpò, ó gbé e wọ ilé aṣòfin, ó sì dà á wàlàwàlà sórí tábìlì kí wọ́n lè rí ohun tí àwọn ará ìlú ń gùn lé. Wọ́n ní kó jáde.

Ìyá Ìbejì, tó ń ṣe irun ní ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, ju kóòmù sílẹ̀ nígbà tó gbọ́. "Ó da òkúta sórí tábìlì? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó wá díje ní Ìsọlọ̀. Òkúta tó wà láti ibí dé Àgọ́ Palace, tábìlì wo ló fẹ́ gbà á?"

Láti ọjọ́ náà ló ti di "Ọ́nárébù wa" lẹ́nu gbogbo àdúgbò, tí èmi náà sì di Ìyá Kánádà. Kì í ṣe pé gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló dùn mọ́ mi nínú o. Ó sọ nígbà kan pé ìsinmi àwọn olùkọ́ ti pọ̀ jù. Mo ní kí ọmọ mi sọ fún un pé ìyá òun, tó ń rán aṣọ ilé ìwé, kò fara mọ́ ọn. Ó sọ fún un lóòótọ́. Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin náà padà sórí rédíò, ó ní "àwọn olùkọ́ kan" ni òun ń wí. Inú mi dùn débi pé mo fi òdì rán àpò ṣòkòtò kan.

Ìdìbò wá dé. Ọmọ mi ń ti ojúlé bọ́ sí ojúlé nínú yìnyín, ajá ń gbó o, èmi náà kò sì sinmi lórí fóònù.

"Ìbọ̀sẹ̀ mélòó lo wọ̀?"

"Mọ́mì, mo wà lẹ́nu iṣẹ́."

"Ẹsẹ̀ ẹ náà wà lẹ́nu iṣẹ́. Gbọ́ o, tó bá wọlé, kó o kúnlẹ̀ dáadáa. Orúnkún méjèèjì kó kan ilẹ̀. Má ṣe èyí tó o máa ń ṣe fún àwọn ẹ̀gbọ́n dádì ẹ, bí ẹni tó fẹ́ ṣa abẹ́rẹ́ tó já bọ́. O jẹ ọkùnrin yẹn ní ìkíni láti ọjọ́ tó ti kan ilẹ̀kùn ẹ."

"Mọ́mì, àwọn ará ibí kì í kúnlẹ̀."

"Mi ò ní kí àwọn ará ibẹ̀ kúnlẹ̀. Ìwọ ni mo ní kó o kúnlẹ̀."

Ó wọlé! Ìbò tó fi wọlé kéré, ṣùgbọ́n ó wọlé. Gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń retí èsì ìbò kún fún ariwo. Ayọ̀ gbé ọmọ mi, ó gbàgbé pé Kánádà lòun wà, ó lọ bá ọ̀gá rẹ̀, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, orúnkún méjèèjì. Ọkùnrin náà ta gìrì. Ó na ọwọ́ sókè, ó ń sọ pé, "Dìde, dìde!" Àsìkò yẹn gan-an ni ẹnì kan ya fọ́tò.

Ẹ wo fọ́tò náà bí mo ṣe wò ó. Ọmọbìnrin dúdú kan wà lórí ìkúnlẹ̀, ó tẹrí ba. Òyìnbó pupa dúró lé e lórí, ọwọ́ rẹ̀ ń bẹ lókè, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ bí ẹni tó ń pàṣẹ. Òyìnbó yìí náà ló sì sọ pé àjèjì ti pọ̀ jù! Kí ilẹ̀ tó mọ́, fọ́tò ti dé ibi gbogbo. Àwọn alátakò ní ó ń mú òṣìṣẹ́ kúnlẹ̀ fún òun, ó gbọ́dọ̀ fi ipò sílẹ̀. Wọ́n yan àwọn tí yóò wádìí, wọ́n sì ní kí ọmọ mi lọ jókòó sílé ná. Ó ṣàlàyé pé òun ń kí i ni. Wọ́n fi àánú wò ó, wọ́n ní ẹni tí wọ́n bá ń rẹ́ jẹ náà máa ń sọ bẹ́ẹ̀.

Èmi ni mo ní kó kúnlẹ̀. 

Fọ́tò náà wá bá mi ní Ìsọlọ̀. Ẹnì kan tí a jọ lọ sílé ìwé fi í sínú gúrúùpù wa lórí fóònù, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ wo bí òyìnbó ṣe sọ ọmọ wa di ẹrú."

Mo kọ̀wé sí i pé, "Ọmọ mi ni. Ó ń kí i ni."

Ó dá mi lóhùn pé, "Ẹ kú ìfaradà o. Ọmọ gbogbo wa ni."

Ibẹ̀ ni mo ti dìde. Mo lọ aṣọ ìdúpẹ́ mi, mo wọ̀ ọ́, mo dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù, Ìyá Ìbejì di fóònù mú láti ya fídíò, ó ní kí n máa sọ̀rọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ ní èdè òyìnbó pé nílẹ̀ wa, ọmọ tó bá gbẹ̀kọ́ máa ń kúnlẹ̀. Mo wá kúnlẹ̀ kí wọ́n lè rí i.

Ìyá Ìbejì ní, "Ìyá Kánádà, ẹ dìde. Ẹ jọ ẹni tí wọ́n ń rẹ́ jẹ lóòótọ́."

A pe ọkọ mi kó wá ṣe Ọ́nárébù. Ó na ọwọ́ sókè, àmọ́ ẹ̀rín ń pa á. Ìyá Ìbejì tún ní, "Dádì, ẹ pupa díẹ̀ sí i." Níbo ni ọkọ mi ti fẹ́ rí pupa?

A ń tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i ni Àlájì, bàbá onílé wa, yọ láti kọ̀rọ̀ pẹ̀lú agbòòrùn rẹ̀. Kò mọ nǹkan kan nípa Kánádà. Ara mi ló kọ́kọ́ rí i kí ojú mi tó rí i. Orúnkún mi ti kanlẹ̀. Ọkọ mi ti nà gbalaja lórí kọnkéré. Ìyá Ìbejì náà ti kúnlẹ̀ tòun ti fóònù lọ́wọ́, "Ẹ káàárọ̀ sà!", fóònù sì ń wo Àlájì láti ìsàlẹ̀.

Àlájì na ọwọ́ sókè, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. "Ẹ dìde, ẹ dìde! Kí lẹ jọ ń wá nílẹ̀ láàárọ̀?"

Nígbà tó lọ tán, a wo fídíò náà. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pariwo pọ̀. Ọwọ́ yẹn náà ni. Ẹnu yẹn náà ni.

"Ọ́nárébù nìyẹn," ni Ìyá Ìbejì wí. "Jálàbíà ló kàn wọ̀." A rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀ nínú aṣọ ìdúpẹ́.

Mo fi ránṣẹ́ sí ọmọ mi. Kò fèsì. Ni mo bá fi sínú gúrúùpù wa, ó sì gba ọ̀nà tí fọ́tò gbà wá, ó dé Kánádà. Àwọn ará ibẹ̀ gbé àwòrán Àlájì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ọ́nárébù, ọwọ́ sókè, ọwọ́ sókè. Gbogbo ìpínlẹ̀ náà ń rẹ́rìn-ín. Àwọn olùwádìí pe ọmọ mi, wọ́n bi í léèrè bóyá bàbá tó wọ funfun yẹn ń ni àwọn òbí rẹ̀ lára.

Ó ní, "Bàbá onílé wa ni. Ó máa ń ni wọ́n lára nígbà míì, ṣùgbọ́n kì í ṣe láàárọ̀ ọjọ́ yẹn."

Wọ́n ní kó padà sẹ́nu iṣẹ́. Orí ìjókòó ẹ̀rọ ìránṣọ mi ni mo ti jó.

Ọ̀rọ̀ ìbá ti parí síbẹ̀, àmọ́ ẹ mọ irú ẹni tí ọkùnrin náà jẹ́. Nígbà tí ilé aṣòfin jókòó, tí wọ́n fún un láyè láti sọ̀rọ̀, ó ní òun máa kí olórí ilé bí bàbá òṣìṣẹ́ òun ṣe ń kí àgbà. Ó dọ̀bálẹ̀ tòun ti kóòtù. Wọ́n tún ní kó jáde. Àràárọ̀ ni ọkọ mi ń wo fídíò rẹ̀. "Àyà ẹ̀ ò kanlẹ̀," ló máa ń wí. "Ó kù díẹ̀. Ẹ ní kó pè mí."

Ní báyìí, àwọn èèyàn máa ń dá ọmọ mi dúró nínú ilé ìtajà, wọ́n á bi í bóyá ìyá rẹ̀ ni ìyá tó kúnlẹ̀ yẹn. Ibẹ̀ ni ìkìlọ̀ rẹ̀ ti wá, mi ò bá a jà.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Mo lọ ra kanfáàsì tó ń mú kọ́là aṣọ le ní ọjà Aṣwani láìpẹ́ yìí. Obìnrin tí mo ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ na fóònù sí mi, ó ní, "Ìyá, ẹ wo ojú tí ọmọ wa ń rí lọ́hùn-ún." Fọ́tò náà ni, kò sí fídíò lẹ́yìn rẹ̀, kò sí Àlájì, kò sí ẹ̀rín. Òun nìkan ló ń rìn kiri. Ipò òṣèlú kì í ṣe ti gbére, pàápàá ti irú Ọ́nárébù wa. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọmọ mi yóò wá iṣẹ́ míì, ẹni tó fẹ́ gbà á yóò sì rí fọ́tò yẹn kó tó rí ọmọ mi fúnra rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, tí ẹ bá ní fọ́tò ọmọbìnrin tó kúnlẹ̀ níwájú òyìnbó pupa tó na ọwọ́ sókè lórí fóònù yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pa á rẹ́. Ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.