Ọ̀sán Tí A Sá Wọ Ilé Àdúrà ní Àpòmù

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń pè é ní wàhálà ìbò. Wàhálà kọ́, ogun ni. Lọ́dún 1983, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ mi ni mo wà ní Ìkirè lówùúrọ̀ tí rédíò kéde èsì. Kí n tó rán apá bùbá kan tán, èéfín ti bo ìlú, ọjà ti tú. Bàbá Ṣadé, ọkọ mi, ni aṣojú ẹgbẹ́ tí wọ́n ní ó wọlé. Mo ti ní kó fi òṣèlú sílẹ̀. Ó kọ etí ikún sí mi. Ilé wa ni wọ́n kọ́kọ́ dáná sun.

A gba inú oko kòkó sá dé Àpòmù. Ìyá Àdúrà, olórí ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan níbẹ̀, gbà wá wọlé. Àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ wà nínú ààwẹ̀, omi nìkan la rí mu. Ó wọ sùtánà fún ọkọ mi, ó ní, "Ẹ kúnlẹ̀ sáàárín wọn. Ẹ má gbójú sókè."

Nínú ìpayà yẹn, kò sẹ́ni tó rántí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá wọ sùtánà kì í wọ bàtà. Ọkọ mi, tí kì í ṣe ará ibẹ̀, kúnlẹ̀ tòun ti bàtà. Ìgbà tí àwọn jàǹdùkú ti ń pariwo bọ̀ lójú títì ni mo tó rí i. Mo ṣáà ń sọ nínú ọkàn mi pé, Olúwa, bo ẹsẹ̀ yẹn.

Lójijì, ariwo dákẹ́. Dídákẹ́ yẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Ọ̀kan nínú wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà tòun ti àdá. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ kó tó wọlé. Mo mọ̀ pé irú ilé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ ọ. Ó ń rìn láàárín wa, a ò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó dúró lẹ́yìn ọkọ mi, ó sì wo bàtà náà títí.

"Bàbá," ó wí jẹ́jẹ́, "ẹ bọ́ bàtà yín. Ilẹ̀ mímọ́ ni."

Àwọn tó wà níta bi í pé, "Ṣé ó wà níbẹ̀?"

"Kò sí níbí. Àwọn aládùúrà nìkan ni."

Wọ́n súfèé pè é. Ó sáré jáde láìwọ bàtà. Kò pẹ́ tí ìbọn dún lọ́nà Gbọ̀ngán. Lẹ́yìn ìyẹn, a ò gbọ́ nǹkan kan mọ́, kódà ewúrẹ́ ò ké.

Ọkọ mi darúgbó kó tó kú. Èmi náà di aláṣọ funfun. Bàtà ọkùnrin yẹn wà lẹ́nu ọ̀nà fún ọdún púpọ̀. Tí a bá ń gbálẹ̀, a óò gbé e, a óò tún dá a padà síbẹ̀. Kò wá mú un. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Tí mo bá ń gbàdúrà fún un, ohun tí mo máa ń sọ ni pé, Olúwa, ẹni tó ni bàtà.