Síkẹ́ẹ̀tì tó fún mi lóyún

Alhaja kan dìde fún mi nínú bọ́ọ̀sì lónìí.
Èmi! Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n!

Síkẹ́ẹ̀tì Victorian, irú tàwọn ìyá òyìnbó ayé àtijọ́, ni mo fọwọ́ ara mi rán fún costume day níbi iṣẹ́.
Ẹ̀yìn ẹ̀ ló yẹ kó kún, kí iwájú tẹ́ pẹrẹsẹ.
Èmi ọ̀gá télọ̀ kó gbogbo pleat síwájú. Mo wọ̀ ọ́, mo yan wọ bọ́ọ̀sì ní Thamesmead nílùú òyìnbó níbí, ó ku kí n máa juwọ́ sáwọn èrò bí ọbabìnrin.

Alhaja ní, "Jókòó, ọmọ mi. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ o!"

Ìgbà yẹn ni mo wo iwájú ara mi.
Ṣùgbọ́n ta ló ń kọ àdúrà? Mo ní, "Àmín, Mummy!"

Wọ́n tẹjú mọ́ mi. "Ṣé ìwọ kọ́ lọmọ Ìyá Ìbejì? Inú ìyá ẹ á mà dùn o!" Wọ́n ti fa fóònù yọ.

Ká tó dé Woolwich, màmá mi ti pè mí lẹ́ẹ̀meje. Ká má tiẹ̀ sọ ọkọ, boyfriend gan-an mi ò ní.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń dá àmín padà?