Ọmọ Jẹ́jẹ́ Akínbọ̀dé

Akínbọ̀dé tó ń kó ẹrù ní magazzino, ilé ìkẹ́rùsí kan lẹ́yìn ìlú Verona ní Ítálì, bí ọmọ méjì, òun nìkan ló sì ń dá tọ́ wọn. Testimony, èyí ọkùnrin, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Tìtorí ẹnu náà ni bàbá rẹ̀ ṣe wọ́ ọ lọ gba àdúrà ìtúsílẹ̀. Olúwatómisìn, èyí obìnrin tó wà ní yunifásítì Padova, ni ọmọ jẹ́jẹ́. Kì í jáde, kì í yan ọ̀rẹ́, ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ kì í ṣí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Akínbọ̀dé ti di máíìkì mú ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó ní kí àwọn òbí yòókù bá òun dúpẹ́ ìwà ọmọ yìí. Inú àwọn òbí yòókù ò kúkú dùn tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Tómisìn wálé fún Kérésìmesì ọdún 2015, tí kò fọwọ́ kan oúnjẹ, bàbá ní ààwẹ̀ ló ń gbà. Testimony gbọ́ ẹkún rẹ̀ lẹ́yìn ògiri, ó wá sọ fún bàbá. Bàbá ní kó jẹ́ kí ẹni tó mọ Ọlọ́run ráyè gbàdúrà. Ó tiẹ̀ lọ kan ilẹ̀kùn ọmọ náà, ó ní kó má gbàgbé òun nínú àdúrà rẹ̀.

Kò pẹ́ tó padà sí Padova ni ẹni tí wọ́n jọ ń gbé pè wọ́n: Tómisìn ti gbé oògùn mì, ó wà ní ọsibítù. Ó yè é. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, dókítà obìnrin kan ní ohun kan wà tí òun ní láti mọ̀ kí òun lè tọ́jú rẹ̀: ṣé bó ṣe ń dákẹ́ yìí ni ìwà rẹ̀ láti kékeré, àbí ìgbà kan wà tó yí padà?

Akínbọ̀dé ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí i. Testimony tó ń ṣe ògbufọ̀ kọ̀, kò túmọ̀ rẹ̀.

"Papà, non è vero," ló wí, pé irọ́ ni, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní Tómisìn yìí ló máa ń kọrin ní kíṣìnnì títí alámùúlétì yóò fi máa gbá ògiri.

Òótọ́ ni. Akínbọ̀dé wá ọjọ́ tí orin náà dáwọ́ dúró nínú ọkàn rẹ̀, kò rí i. Ẹ̀rù bà á gidigidi. Ó ti fi ìwà ọmọ yìí yangàn títí, kò mọ ibi tí ìwà parí sí tí àìsàn ti bẹ̀rẹ̀.

Dókítà tún béèrè. Tómisìn, tó ti kọjú sí ògiri látìgbà tí wọ́n wọlé, ló fọhùn, ní Yorùbá tí kì í sábà bá wọn sọ.

"Dádì, ẹ sọ fún wọn pé ẹ ò mọ̀."

Akínbọ̀dé sì sọ ọ́ fún wọn.