Ihò Ìdí Agbá

Ìyàwó mi kì í jẹ́ kí agbá kankan kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láì jẹ́ pé ó fi ìṣó lu ihò sí ìdí rẹ̀. Sódà tí àwọn aláró àti ọlọ́ṣẹ ń lò ló ń tà ní Ìjẹ̀bú-Òde láàárín àwọn ọdún 1980. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé e wá láti òkè òkun, nínú agbá irin tí wọ́n tẹ́ ọ̀rá tó nípọn sí nínú, tí wọ́n sì ya àwòrán ọwọ́ tí sódà ń jó sí lára. Àwọn alábàárù kò gbọ́dọ̀ kọ ojú àwòrán náà sí ògiri.

Omi ẹ̀rọ kì í yọ déédéé nígbà náà, gbogbo ènìyàn ló fẹ́ fi agbá tó ti ṣófo pọnmi sí. Ìyá ọlọ́ṣẹ kan láti Ayépé bẹ ìyàwó mi títí pé kó fún òun ní èyí tí kò ní ihò.

“Ìyá Délé, màá fọ̀ ọ́ dáadáa.”

“Ẹ fọ̀ ọ́ títí di ọdún tó ń bọ̀, mà, mi ò ní mu omi nílé yín. Àwọn tó dì í bẹ̀rù rẹ̀ lórí òkun, ẹ̀yin fẹ́ fún ọmọ-ọmọ yín mu.”

Ìyá náà rẹ́rìn-ín. Ó gbé agbá oníhò lọ, ó fi ń kó èédú sí.

Lẹ́yìn ìsìnkú ìyàwó mi, ìyá ọlọ́ṣẹ náà wá kí mi. Agbá kan ṣì wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí kò tíì ní ihò.

“Bàbá Délé, ṣé kí n máa gbé èyí lọ?”

“Ẹ jẹ́ kí Ìyá Délé dé ná,” ni mo wí.

 Ìyá náà lọ mú òòlù àti ìṣó níbi tí ìyàwó mi ń fi wọ́n sí, ó sì kó wọn lé mi lọ́wọ́.