Ohùn Múfútáù nínú Orin Wa

Agogo mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ní 1994 ni Ìyá Múfútáù, ará Ọ̀rà, wọ ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣe àdàkọ kásẹ́ẹ̀tì nílùú Ìlá. Mo ti gboyè jáde, iṣẹ́ kò sí, ojú sì ń tì mí débi pé mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kí mi. Bọ̀dá Lásísì tó ni ṣọ́ọ̀bù ló ṣàánú mi. Nírọ̀lẹ́, wọ́n máa ń yọ̀ǹda yàrá ẹ̀yìn fún èmi àti ọ̀rẹ́ mi méjì láti ṣe orin mẹ́tààlì: gìtá oníná tó ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé, ìlù tí kò mí, àti igbe tí gbogbo wa jọ ń ké dípò ká kọrin. Ogun àti ìjọba ológun là ń bú. Àwọn ará àdúgbò ní àdúrà ló yẹ wá.

Sójà ni Múfútáù. Wọ́n ti kó o lọ sí ogun Làìbéríà. Inú kásẹ́ẹ̀tì ló máa ń sọ̀rọ̀ sí dípò lẹ́tà, á fi rán ẹni tó bá ń bọ̀ wálé. Ìyá rẹ̀ fẹ́ ẹ̀dà kan fún ẹ̀gbọ́n Múfútáù ní Ìgbájọ. Mo kọ́kọ́ ṣẹ́ ike kékeré tó wà létí kásẹ́ẹ̀tì náà, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì gba nǹkan mìíràn lé e lórí. Nígbà tí mo tan án, Múfútáù kí gbogbo ilé títí, ó wá ní, "Ìyá, mi ò mọ ẹni tí à ń bá jà mọ́. Ọmọdé ni mò ń rí."

Ẹ̀rù bà mí, mo sì tún ń jowú rẹ̀, torí ohun tí gbogbo igbe wa kò rí sọ ló fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ yẹn. Mo bẹ ìyá kí wọ́n jẹ́ kí n fi ohùn náà sínú orin wa. Wọ́n ní kí n jẹ́ káwọn gbọ́ orin ọ̀hún ná. Wọ́n gbọ́ ọ dópin, wọn ò di etí.

"Ṣé ẹ̀ ń jà ni, àbí ẹ̀ ń sunkún?"

"Méjèèjì ni, mà."

"Ẹni tó ń sunkún kì í kánjú báyìí. Ọmọ mi ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Bí ọ̀gá rẹ̀ bá gbọ́ ńkọ́? Jẹ́ kó dé ná."

Kò dé. Ìròyìn ikú rẹ̀ ló dé, a ò rí òkú sin. Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, ìyá gbé kásẹ́ẹ̀tì náà síwájú mi.

"Fi sí i. Kò sí ọ̀gá kankan lórí rẹ̀ mọ́."

Bọ̀dá Lásísì ní bí orin náà bá jáde, àwọn sójà á ti ṣọ́ọ̀bù pa, wọ́n á sì kó wa lọ. Bọ̀dá ò parọ́. Ibẹ̀ ni ìyàwó àti àwọn ọmọ wọn ti ń jẹun. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Bí ìyá bá ti kí Jímọ̀ tán, wọ́n á yà béèrè bóyá orin ti parí. Mo máa ń ní ó ku díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ti parí tipẹ́.

Bí mo bá gbé e jáde, mo lè ba ilé onílé jẹ́. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ rì, ó dà bíi pé èmi náà wà lára àwọn tó pa á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jù mí lọ, ọ̀la ni Jímọ̀. Kí ni kí n sọ fún wọn?